Ọkọ̀ Oníná Tí Èmi àti Ìyàwó Dù

Kétu ni wọ́n bí mi sí. Kétu ti ìhà Kútọnu ni mò ń wí, kì í ṣe Kétu tó wà l'Ékòó. Ìwọ ọmọọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ọ́, má kọ ọ̀nà tí a gbà wá. Ẹni tó ti rìn ín mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò rìn ín kò ní ohun tí yóò fi ṣe. Kọ pé a dé. Kọ pé nígbà tí a dé abúlé tó wà lẹ́yìn Akínyẹlé yìí, mo rò pé ilé ni mo dé, nítorí Yorùbá ni wọ́n ń sọ.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Ẹni tó bá lọ sí ilẹ̀ Haúsá mọ̀ pé àjèjì ni òun, ara rẹ̀ á ti gbà á. Èmi dé àárín àwọn tó ń sọ èdè mi, tí wọ́n ń jẹ ohun tí mò ń jẹ, ṣùgbọ́n bí mo bá lanu kí wọn láàárọ̀, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Wọ́n gbọ́ o. Wọ́n kàn fẹ́ tún ohùn mi gbọ́ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín ni. Àwọn ọmọdé á máa tẹ̀lé mi lẹ́yìn, wọ́n á máa fi ohùn mi pe gbágùúdá, nítorí ẹ̀gẹ́ ni àwọn ń pè é. Ìyá Kútọnu ni gbogbo abúlé ń pè mí. Bẹ́ẹ̀, mi ò dé Kútọnu rí láyé mi.

Àwa mẹ́rin la jọ wá: èmi àti bàbá àgbà rẹ, àti àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó tiẹ̀. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọ agbo ilé náà, nítorí náà èmi ni ìyálé. Ìyàwó ni mò ń pè é. Irun rẹ̀ ti funfun báyìí, Ìyàwó náà ni. Òun náà ò pè mí ní nǹkan mìíràn rí ju Ìyálé mi lọ. Má ṣe wá orúkọ fún un nínú ìwé yìí. Ìyàwó ti tó.

Nílé tiwa, ìyálé ló ń kọ́kọ́ bu ọbẹ̀. Bí wọ́n bá pa ẹran, ìyálé ló ń kọ́kọ́ mú. Bí aṣọ wọlé, ìyálé ló ń kọ́kọ́ yàn. Kò sí ìjà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe to ilé nìyẹn. Mo rò pé ibi yòówù ká lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe rí. Àṣé ilẹ̀ àjèjì kì í mọ ìyálé.

Iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ la dì mú. Àwọn ọkùnrin ń ṣe lébìrà lóko onílẹ̀. Àwa obìnrin ń ra ẹ̀gẹ́ lókè oko, a ń rù ú dé ilé ìrin, a ń bó o, a ń rin ín, a ń fún un, a ń yan án ní gààrí. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ènìyàn. Bí wọ́n bá ti fà á tu, tí o kò tètè bó o, inú rẹ̀ á dúdú bí ìgbà tí wọ́n da tàdáwà sí i. Gbogbo ayé mi nílùú yìí, láàárín kí wọ́n fà á tu àti kí ó tó dúdú ni.

Ọkọ Ìyàwó ni orí kọ́kọ́ ṣe fún. Ó ríṣẹ́ gígé koríko ní ilé ìwádìí àwọn òyìnbó tó wà lọ́nà ìgboro. Kò pẹ́ tí Ìyàwó fi ń wọ bàtà lọ sóko. Ó ra rédíò. Ó di ẹni tí àwọn obìnrin abúlé ń kí kí wọ́n tó kí mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mí wọ egungun. Bí mo bá rí i lókèèrè, màá ti mọ ohun tuntun tó wà lára rẹ̀ kí n tó dá ojú rẹ̀ mọ̀. Ojú owú ju ojú àṣá lọ.

Ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi. Èyí ló burú jù. Ká ní ó rí mi fín ni, ǹ bá ní ẹjọ́ tí màá rò fún ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ó ń kúnlẹ̀. Ó ń fi ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mò ń jẹ ẹ́.

Ẹnì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi mọ àwọn tó máa ka èyí: Bàbá Adéoyè, alàgbà ìjọ Aládùúrà wa. Ìyàwó ló mú mi dé ìjọ náà, ìyẹn náà wà lára ohun tó ń dùn mí. Ọkọ̀ ni bàbá yìí fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tún ṣe ní ilé ìwádìí yẹn títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ wá fi ọkọ̀ kékeré kan ta á lọ́rẹ. Ọkọ̀ náà kò ní ilẹ̀kùn, kò ní gíláàsì, òrùlé rẹ̀ jẹ́ rọ́bà funfun lórí irin mẹ́rin. Orí pápá ni àwọn òyìnbó ti máa ń gùn ún kiri nígbà tí wọ́n bá ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́. Kì í mu bẹntiróò. Bátìrì ló kún ìdí rẹ̀. Iná ni wọ́n ń fún un mu, bí ìgbà tí ènìyàn fún àgùntàn lómi, bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti yó. Bàbá Adéoyè yọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ó kan pákó síbẹ̀, ó di ohun tí a lè fi kó ẹrù.

A fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní àkọ́kọ́. Kì í pariwo. Ọkọ̀ tí kì í pariwo, à ń wò ó bí ẹni tó kọjá lára ènìyàn tí kò kí i.

Ìgbà tí ọ̀wọ́n epo dé la tó mọ ohun tó jẹ́. Píkọ́ọ̀pù tó ń bá wa kó ẹ̀gẹ́ lọ tò sí ilé epo, kò padà. Àwọn ọlọ́kadà ò wọ oko mọ́, ìba bẹntiróò tí wọ́n bá rí, ojú títì ni wọ́n ń ná an sí. Ẹ̀gẹ́ ń dúdú lórí ilẹ̀, àwọn obìnrin ń jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Ìyàwó kò jókòó ní tiẹ̀. Ó lọ bá Bàbá Adéoyè, ó ní kó máa fi ọkọ̀ oníná náà háyà fún òun ní ọjọ́ tí òun bá ní ẹrù.

Mò ń bọ̀ láti oko lọ́jọ́ kan, apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ lórí mi, ọrùn mi ti rì wọ èjìká. Mi ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn mi àfi bí táyà ṣe ń tẹ ewé gbígbẹ. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bojú wẹ̀yìn. Ìyàwó ni. Òun fúnra rẹ̀ ló di ìwakọ̀ mú. Ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eruku kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyálé mi, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e. Àyè wà."

Mo ní kò wúwo.

"Ẹ wọlé ká jọ máa lọ, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé mo sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí ni? Máa lọ, kí àwọn èrò rẹ má bàa pẹ́."

Kò sí èrò kankan nínú ọkọ̀ náà, ẹ̀gẹ́ ló kún un. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù, ó wọlé, ó lọ. Eruku yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ó kúnlẹ̀ fún mi tán, ó gbọn mí dànù, ó gun ọkọ̀.

Ilé tẹlifóònù tí a ń lò wà ní Ajíbódé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga. O máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn á máa gbọ́rọ̀ rẹ, ìwọ náà á máa gbọ́ tiwọn. Wọ́n á pe ṣọ́ọ̀bù kan nílé wa lọ́hùn-ún, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á rán ènìyàn lọ pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, a ó pa fóònù, a ó tún pè. Tí mo bá gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi, mi kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Màá jẹ́ kó kí mi tán bí a ṣe ń kí ara wa nílé. Ẹnìkan wà láyé tí kì í ní kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ.

Òun ló ń bá mi kọ́lé. Yàrá méjì ni, lórí ilẹ̀ bàbá mi. Ògiri ti dúró, amọ̀ ni a fi mọ ọ́n. Òrùlé ló kù. Gbogbo ohun tí mo ti ń kó jọ látìgbà tí mo ti ń yan gààrí, nítorí páànù yẹn ni. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá nǹkan ṣe sí i kí òjò tó dé, ògiri amọ̀ kì í wà ní ìhòòhò lójú òjò. Mo ní owó páànù ti pé. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé fóònù fún ìyá wa.

Ìyá mi bi mí bóyá mo jẹun. Ó bi mí ìgbà tí mò ń bọ̀. Mo ní tí mo bá ti kan páànù. Ìdáhùn tí mò ń fún un láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ó wá ní:

"A gbọ́ pé Ìyàwó ti ń wa ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Ìwọ ńkọ́?"

Ta ló sọ fún wọn? Mi ò bèèrè. Mo ní owó tí mo san ti fẹ́ tán. Mo gbé fóònù kalẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu ìyá mi.

Mo rin ìrìn àjò padà sí abúlé lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ìgbà tí mo dé. Ohun tó ń ṣe mí nìyí, mo fẹ́ kí o kọ ọ́ dáadáa. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ọkọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe? Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ àjèjì, ènìyàn kan ṣoṣo ló mọ ẹni tí o jẹ́ kí o tó dé. Gbogbo àwọn yòókù, Ìyá Kútọnu ni wọ́n mọ̀. Ìyàwó nìkan ló mọ̀ pé èmi ni ìyálé, pé wọ́n fi ijó àti ayọ̀ gbé mi wọlé nígbà tí òun ṣì ń rán aṣọ ìlédìí ọmọlangidi. Bí òun tí ó mọ̀ mí bá wá ga jù mí lọ, ta ló kù tí màá jẹ́ ìyálé fún?

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Bàbá Adéoyè ní òun fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun obìnrin ní Ìlọrin. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi, ó pe èmi àti Ìyàwó sí abẹ́ igi òroǹbó tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá àgbà rẹ wà níbẹ̀. Aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn wa, ẹsẹ̀ wa ṣì wà lófo. Bàbá náà ní òun ò lè gbé ọkọ̀ oníná náà lọ sí Ìlọrin, ìwọ̀nba ni agbára rẹ̀, bí ó bá rìn jìnnà, ó gbọ́dọ̀ padà sídìí iná. Ó ní nínú àwa tí à ń rin ẹ̀gẹ́ ni òun fẹ́ kó kù sí. Ó la ọ̀nà méjì sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè rà á pátápátá, kó di tirẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ lè háyà rẹ̀ lọ́dọọdún, kó máa fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun, ọkọ̀ ṣì jẹ́ ti òun.

Ó fi ọwọ́ lu ìdí ọkọ̀ náà. "Ẹ gbọ́ o. Bátìrì ń darúgbó. Kò dà bí ẹ́ńjìnnì tí ènìyàn ń tú, tí ó ń tún un tò. Ọjọ́ tó bá kú, ó kú nìyẹn, ojúlówó mìíràn sì wọ́n bí ojú. Bí ẹ bá háyà rẹ̀, ọwọ́ mi ni ikú rẹ̀ wà. Bí ẹ bá rà á, òkú yín ni, ẹ̀yin lẹ ó sin ín."

Ìyàwó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, háyà ló bá èmi lára mu. Mi ò mọ ọjọ́ tí a máa padà sílé. Ohun tí ènìyàn ò lè rù lọ, kí ló fẹ́ rà á sí?" Ó wá yíjú sí mi. "Ṣùgbọ́n Ìyálé mi rèé. Ẹnu wọn la ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n bá mú, èmi á mú èyí tó kù."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní ilẹ̀ yìí tí ẹnikẹ́ni fún mi ní àyè láti kọ́kọ́ yàn. Gbogbo ojú wà lára mi. Mo rò ó. Bí mo bá ní háyà, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo tọ̀. Bí mo bá ní mi ò fẹ́, òun ló mú un, á tún máa sọ̀ kalẹ̀ kúnlẹ̀ fún mi nínú eruku. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun kò sọ.

Mo ní, "Mo rà á."

Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá àgbà rẹ, o mọ̀ ọ́n. Ó di ojú ọ̀nà kó tó bi mí pé, "Páànù ńkọ́?"

Mo ní páànù ò sá lọ.

Ó ní, "Ògiri ló ń sá lọ."

Ẹni tó gba ilé Bàbá Adéoyè lẹ́bàá títì jẹ́ tíṣà. Ó gbà kí n máa fún ọkọ̀ náà ní iná níbẹ̀, mò ń bu gààrí fún aya rẹ̀. Ìyàwó ló kọ́ mi ní ìwakọ̀. Ta ni mo fẹ́ ní kó kọ́ mi? Ẹsẹ̀ kan fún lílọ, ẹsẹ̀ kan fún dídúró, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọlu ilé ìrin lẹ́ẹ̀kan, mo kọlu ewúrẹ́ ẹnì kan, ewúrẹ́ náà kò gbọ́ mi, ọ̀ràn ọkọ̀ tí kì í pariwo nìyẹn. Lẹ́yìn náà ọwọ́ mi mọ́ ọn.

Jẹ́ kí n sọ adùn rẹ̀ kí n tó sọ ìkorò. Mo wa ọkọ̀ náà kọjá níwájú ilé epo ní Akínyẹlé lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ tò lọ bí ejò, àwọn olówó wọ agbádá sùn sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ di kẹ́ẹ̀gì mú. Èmi, obìnrin tí kò mọ a yàtọ̀ sí b, mo gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo wọn kọjá pẹ̀lú gààrí mi, láìpariwo, láìrùn èéfín. Ẹnì kan nínú wọn dìde, ó ní, "Ìyá Oníná, ẹ rọra o!" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá Kútọnu kú sí iwájú ilé epo.

Ìyàwó náà ń tọrọ pé kí n gbé òun. Ọjọ́ tí mo ti ń retí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n tọrọ bí ẹni tí ojú ń tì. Á wọlé, á jókòó tì mí, á na ẹsẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín. "Ìyálé mi, ẹ rọra, kòtò wà níwájú." Òun ló mọ gbogbo kòtò ọ̀nà náà kí n tó mọ̀ ọ́n. Mo ra ọkọ̀ tán, mi ò tíì ra ìyẹn.

Bàbá Adéoyè fi omi bátìrì sílẹ̀ fún mi nínú ìgò, irú èyí tí àwọn mẹ́káníìkì ń tà. Ó ní bí omi inú bátìrì bá ti ń fà, òun nìkan ni kí n máa bù sí i. Omi inú ìgò tán. Ìgbà náà bọ́ sí ọjọ́ ìdúpẹ́ tí mo ṣe fún ọkọ̀ náà ní ìjọ. Gbogbo ìjọ jáde tẹ̀lé wa síta, wọ́n yí ọkọ̀ ká pẹ̀lú àbẹ́là, wọ́n ń kọrin. Mo ṣí ìdí rẹ̀ kí wọ́n lè gbàdúrà sí i dáadáa. Ìyá Ìjọ wo inú bátìrì, ó ní omi rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Mo ní òótọ́ ni, mò ń wá omi mẹ́káníìkì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà wá láti ibi pẹpẹ.

"Omi tí aboyún ń mu tó fi ń bí wẹ́rẹ́, ṣé bátìrì ni kò ní í gbà?"

Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Kànga ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti ń fa omi náà, kànga inú òkúta ni. Ìkòkò tí a bá fi sè é, inú rẹ̀ á funfun bí ẹni kùn ún lẹ́fun. Ìyàwó nìkan ló súnmọ́ mi, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí: "Ìyálé mi, Bàbá ní omi inú ìgò nìkan o."

Mo wò ó. Mo ní, "Ìwọ lo ni ín ni?"

Ó padà sẹ́yìn. A bù ú. A bù ú kún dé ẹnu.

Kò kú lọ́jọ́ náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kú, bí ènìyàn. Ní àkọ́kọ́ a máa lọ Akínyẹlé, a máa bọ̀. Nígbà tó yá, a máa lọ, a kì í lè bọ̀, àwọn obìnrin á bá mi tì í. Nígbà tó tún yá, orí òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìrin ti tó láti dá a dúró. Ó wá kú sí oríta, níbi tí ọ̀nà abúlé ti bọ́ sí títì, tòun ti ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Adéoyè wá láti Ìlọrin nítorí ìsìnkú ẹnì kan nínú ìjọ. Ó yà wò ó. Ó ṣí i, ó tẹjú mọ́ inú rẹ̀, ó fi ìka kan nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ó bèèrè irú omi tí a fún un. Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjọ. Ó wo Ìyá Ìjọ, ó wo ilẹ̀, ó ṣí fìlà.

Ó ní, "Ó dáa. Ó ti ṣe ìrìbọmi, ó ti lọ."

Ẹ̀rín pa wá títí a fi jókòó. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo délé tán ni mo tó sunkún.

Òjò ọdún náà kò ṣàánú. Mo lọ sí Ajíbódé. Ẹ̀gbọ́n mi kò fọ̀rọ̀ gùn, ó ní ògiri ti wó, méjì nínú rẹ̀ ti padà sí ilẹ̀, kò jọ pé ènìyàn fi ọwọ́ mọ ọ́n rí. Mi ò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé kí n jẹun.

Ìyàwó kò ra ọkọ̀. Kò háyà ọkọ̀ mọ́ pẹ̀lú, nítorí mo ti rà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí ì bá ná sórí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí òjò kejì tó dé, òun àti ọkọ rẹ̀ ti padà sílé. Ó kúnlẹ̀ dágbére fún mi ní oríta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ó di mí mú, ó sunkún bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kú. Mo wo orúnkún rẹ̀. Kò gbọn eruku náà lọ́jọ́ yẹn. Owú tí mò ń jẹ kò sì dín kù, ilé ló ń lọ.

Kò sẹ́ni tó lè gbé ọkọ̀ náà kúrò ní oríta, nítorí náà èmi ni mo lọ bá a níbẹ̀. Mo gbé igbá gààrí sórí pákó ẹ̀yìn. Mo jókòó sí iwájú, níbi ìwakọ̀. Òrùlé rẹ̀ funfun, kì í jò. Ẹni tó bá ń dúró de ọkọ̀ á wá jókòó tì mí kúrò lóòrùn, bí ó bá jókòó, á ra gààrí. Ibẹ̀ ni ìwọ náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé, ibẹ̀ náà lo jókòó sí tí o ń kọ èyí. Àwọn ọlọ́kadà kì í sọ oríta mọ́. Wọ́n á ní, mò ń lọ Ìyá Oníná. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì kan tó bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi, kò mọ̀ pé èmi ni.

Mo mọ ohun tí o máa sọ tó o bá kà á tán: pé mo jèrè. Bóyá. Ẹni tó ń háyà, ojú ọ̀nà ló ń wò. Ẹni tó bá rà ti jókòó. Ṣùgbọ́n òrùlé tí mo fẹ́ kọ́, yàrá méjì ló yẹ kó bò, ní ilẹ̀ bàbá mi. Èyí tí mo ní kò bo ju ènìyàn méjì lọ, ó sì wà ní ilẹ̀ onílẹ̀. Tí mo bá rántí pé Ìyàwó ti kan páànù sórí ilé tirẹ̀, màá gbójú sókè wo rọ́bà funfun yìí.

Kò tíì pẹ́ tí a sọ̀rọ̀. Mo lọ sí Ajíbódé láti kí ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kò sí nílé, Ìyàwó ló wá gba fóònù ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti fa fóònù dé ilé rẹ̀ báyìí, ó ní kí n pe ibẹ̀. Nígbà tó délé, mo pè é. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kì í ṣe ohùn rẹ̀. Òjò ni. Òjò ń rọ̀ sórí páànù rẹ̀, ó ń dún bí ẹni da ẹ̀wà sínú awo irin. Mo tẹ́tí sí i, owó ń lọ.

Ó kí mi títí. Ó bi mí léèrè gbogbo ènìyàn. Ó wá ní, "Ìyálé mi, ṣé ọkọ̀ yẹn ṣì wà ní oríta?"

Mo ní ó wà.

"Ṣé àwọn ènìyàn ṣì ń wá jókòó tì yín?"

Mo ní wọn ò jẹ́ kí n sinmi.

Ariwo òjò kún inú fóònù. Ó ní ilé òun tútù, ó ní yàrá méjì pọ̀ fún òun àti ọkọ òun. Ó ní bí òun bá lanu nílé báyìí, wọ́n á ní kí òun tún un sọ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ohùn Ìbàdàn ti wọ òun lẹ́nu. Ará Nàìjíríà ni wọ́n ń pe òun, ní ilé bàbá òun. Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀.

"Ìyálé mi, mò ń jowú yín."

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Kò sí ohun tó dí mi létí. Mo lẹ fóònù mọ́ etí, mo ní mi ò gbọ́ ohun tó sọ, òjò ti pọ̀ jù, kó tún un sọ.

Ó tún un sọ.